Àwọn Àbẹ́là Tí Kò Lówú

Àbẹ́là bí ọgọ́rùn-ún ló wà lórí tábìlì, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó lówú nínú wọn.

Inú ìgò kékeré onígíláàsì ni wọ́n da ìda wọn sí. Ìda náà funfun báláú, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so bébà pélébé kan mọ́ ríbọ́ọ̀nù náà. Ìlà méjì ni wọ́n kọ sára bébà yẹn. Ti òkè ní, "Tan mí." Ti ìsàlẹ̀ ní, "Rántí wa." Ẹ̀bùn ìrántí ni, tí wọn yóò pín fún àwọn àlejò ìgbéyàwó lọ́túnla. Ṣùgbọ́n àbẹ́là tí kò lówú, kí ni wọn yóò tàn níbẹ̀?

Obìnrin tó dúró ti tábìlì náà kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Lalákàn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é lẹ́yìn, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú tirẹ̀ kì í sì í sinmi. Lójúkojú, Màdáàmù ni. Ó ti mú àwọn tó ń jí mọ́tò, ó ti mú ẹni tó da májèlé sí kànga aládùúgbò rẹ̀, láàárọ̀ òní wọ́n ní kó lọ wo àbẹ́là. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ló sáré wá fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ bo ẹ̀rín, ó ní, "Màdáàmù, ẹ bá wa pẹ̀tù sí i. Ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ẹbí méjì má lọ máa jà lójú àlejò."

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ni Lalákàn béèrè.

"Èmi ni." Ìyàwó tuntun ló dáhùn. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Mo ṣí ọ̀kan láàárọ̀ yìí kí n lè gbóòórùn ẹ̀. Mi ò rí òwú. Mo ṣí ìkejì, mo ṣí ìkẹta. Màdáàmù, gbogbo ẹ̀ ni mo ṣí tán."

"Ta lo fura sí?"

"Mi ò fura. Mo mọ̀ ni." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. "Ẹni tó dé ọmọrí wọn ni."

Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà náà, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ọwọ́ tó ti gbẹ tipẹ́. Ìyàwó bàbá ọmọ náà ni. Ìyá tó bí ìyàwó tuntun ti kú kó tó mọ bàtà í so, obìnrin yìí ló sì tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí ni ọmọ náà ń pè é láti kékeré, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ dé wọn?"

"Èmi ni. Ní ìdájí òní."

"Ẹ̀yin náà lẹ so ríbọ́ọ̀nù?"

"Èmi náà ni."

"Ẹni tó bá dé ìgò lọ́mọrí á rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò lówú?"

Àǹtí ká aṣọ ìnuwọ́ náà sí méjì, ó tún un ká. "Mo dé wọn. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

"Ẹ má bínú, Màdáàmù. Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn."

"Ẹ ò rí i?" ni ìyàwó tuntun pariwo. "Kò tilẹ̀ sẹ́! Àga méjì ni wọ́n máa tẹ́ síwájú fún òbí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fún un pé kò ní jókòó sórí èkejì. Àga ìyá mi ni. Kó ṣófo ló sàn."

Lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó jáde síta, àpò aṣọ ńlá kan wà nílẹ̀, wọ́n ti fa síìpù rẹ̀ dé òpin. Lalákàn kò béèrè ẹni tó ni ín. Ó rí i pé Àǹtí ti wọ bàtà ìjáde.

Ìgbà yẹn ni bàbá ìyàwó yọ láti yàrá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe, ó sì ní ìwà àwọn tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn bá nǹkan kéékèèké sọ̀rọ̀: kì í fi ara gbún tábìlì, kì í ju ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ni Lalákàn kí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀fìnkìn ni?"

"Ọ̀fìnkìn ni. Láti àná. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Dádì, áńkáṣíìfù yín ńkọ́?" ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láìmú un dání."

"Ó wà níbìkan," ni bàbá dáhùn. Ó wo àpò tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì padà sí yàrá. Lalákàn wò ó títí ilẹ̀kùn fi padé.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ìgò kan. Ó fi orí ìka ra ojú ìda. Ní àárín, níbi tó yẹ kí òwú ti yọ, kò sí ihò kankan. Ibẹ̀ kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni, bí ibi tí ọmọdé fìka tẹ lójú ìrọ̀rí. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Nínú kíṣìnì, lórí tíréè lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, ó rí àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi di òwú mú lórí ẹnu ìgò kó má baà rì. Wọ́n ti dì wọ́n jọ ní ìdì mẹ́rin, orí wọn dọ́gba bí ìṣáná nínú páálí.

"Ẹ̀yin lẹ di àwọn wọ̀nyí, Àǹtí?"

"Rárá, bí mo ṣe bá wọn..." Àǹtí pa ẹnu dé.

Lalákàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó da agolo ìdọ̀tí sórí bébà, ó tú u wò. Èèpo ọsàn wà níbẹ̀, ewé tíì wà níbẹ̀, kò sí òwú kan. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ láti ṣe ìkà kì í to igi jọ, kì í sì í kó ohun tó yọ lọ. Ó fi ìyẹn sápò ọkàn.

*

Nínú yàrá ìyàwó tuntun, àwọn aṣọ ti gba orí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn méjèèjì dúró.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àbẹ́là lo yàn?" ni Lalákàn béèrè. "Àwọn ẹlòmíràn ń pín ọṣẹ. Wọ́n ń pín kọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ kọ́ọ̀bù. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n ya ojú àbúrò ẹ̀ sí! Mo ní, ṣé kí àwọn èèyàn máa mu tíì lójú ọkọ mi ni?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ náà wọ̀ mí lójú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wá bàtà nínú àpótí àtijọ́ ní ilé ẹrù, mo rí èyí."

Ó gbé ìgò lọ́fínńdà kan fún un. Ìgò náà pé, kò sì sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀.

"Ti màmá mi ni. Mi ò rántí ojú ẹ̀, Màdáàmù. Fọ́tò ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí ìgò yẹn, ara mi rántí nǹkan kan. Mo bá ní kí aláàbẹ́là po gbogbo ẹ̀ mọ́ ìda. Kí màmá mi lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí gbogbo ilé tí àlejò bá padà sí máa ta sánsán."

"O da gbogbo rẹ̀ sí i?"

"Díẹ̀ ló kù nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, Àǹtí, àti aláàbẹ́là. Mo fẹ́ fi ya Dádì lẹ́nu lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni."

"Kí ni Àǹtí sọ?"

Ìyàwó tuntun yí ojú. "Ó bi mí bóyá mo ti sọ fún Dádì. Mo ní rárá. Ó ní kí n sọ fún un kí n tó dà á. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi ni, kò kàn án. Ṣẹ́ ẹ wá rí i? Kò fẹ́ kí òórùn ìyá mi wọ ilé yìí mọ́."

Àbẹ́là kan wà lójú fèrèsé, èyí tí aláàbẹ́là fi ṣe àpẹẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òwú rẹ̀ dúró gangan. Lalákàn mú un, ó fi ìka méjì di òwú náà mú, ó sì fà á. Kò wá. Ó fà á gidigidi. Òwú já pì lójú ìda, ìdí rẹ̀ sì kù sínú.

"Háà, Màdáàmù! Èyí tó kù yẹn náà?"

"Má bínú," ni Lalákàn wí. Kò jọ pé òun fúnra rẹ̀ bínú sí nǹkan kan. "Àná, lẹ́yìn tí ẹ da ìda sígò tán, kí lẹ ṣe?"

"Àfi kó tutù. A fi í sílẹ̀ nínú kíṣìnì, èmi àti Àǹtí lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ wọn aṣọ wò. Aláàbẹ́là bá wa wọ mọ́tò, ó sọ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé, a kàn sùn ni."

"Ta ló kù sílé?"

"Dádì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà wá kó àwọn bébà yẹn sílẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán."

*

Ní ṣọ́ọ̀bù aláàbẹ́là, ooru ìda bo ojú èèyàn bí ẹni ṣí ìkòkò. Obìnrin náà ń ro ìda lórí sítóòfù, kò sì dá ọwọ́ dúró.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Wọ́n ní èmi ni?"

"Ẹnì kan ní ẹ bínú kúrò níbẹ̀."

"Mo bínú! Ta ni kò ní bínú? Lọ́fínńdà ara kọ́ ni wọ́n ń pò mọ́ ìda. Tí wọ́n bá tàn án, ó lè máa ta pàràpàrà. Mo sọ títí, ọmọ yẹn ní kí n dà á. Mo dà á. Orúkọ mi ló máa bàjẹ́, kì í ṣe tiẹ̀."

"Nítorí náà, tí wọn ò bá tàn án, orúkọ yín ò ní bàjẹ́."

Aláàbẹ́là dá ọwọ́ dúró. Ó wo Lalákàn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀yin yìí ò dáa o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń mú èèyàn?"

"Nígbà mìíràn."

"Ẹ bi oníbàárà tó wà níbí lánàá. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò wọn ni mo bá a tó jókòó dè mí, ìgbà tí mo sì ti ilẹ̀kùn ló tó lọ. Àti pé, Màdáàmù, ká ní mo fẹ́ kí wọ́n má tàn án, kí ni mo fi òwú sí i fún? Mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀ sápò. Ta ló máa mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pín in?"

Oníbàárà náà jẹ́rìí sí i lórí fóònù. Lalákàn dúpẹ́, ó sì jáde. Ẹnì kan ti kúrò lórí àtẹ.

*

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó gbà á ní pálọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí àlejò pàtàkì. Ó ti wé ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún rẹ̀ ní báńdéèjì.

"Màdáàmù, kí lẹ tún ń wá kiri? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé ìyàwó bàbá ni?"

"Mo gbọ́ pé àjẹ́ ké. Ẹni tó pa ọmọ ni mò ń wá." Lalákàn tọ́ka sí ìka náà. "Kí ló jó yín?"

Ohùn obìnrin náà wálẹ̀ lójijì. "Tíì ni."

"Ìka kan ṣoṣo? Tíì yẹn mọ ibi tó ń lọ."

Obìnrin náà fi ọwọ́ kejì bo ìka náà. Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀.

"Ó dáa, mo tọ́ ọ wò," ló jẹ́wọ́. "Mo wọ kíṣìnì wọn láti kó bébà sílẹ̀, mo rí àwọn ìgò yẹn tí wọ́n tò, mo kàn ní kí n wò ó bóyá ó ti le. Mo fìka bọ̀ ọ́. Iná! Mo bá sá jáde. Màdáàmù, kọ́ọ̀bù ni mo fẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè ba ìgbéyàwó àbúrò mi jẹ́ nítorí kọ́ọ̀bù."

"Òwú wà níbẹ̀ nígbà yẹn?"

"Ó wà. Ọ̀kan lára àwọn igi pẹlẹbẹ yẹn ni mo fi ìbínú tì dànù. Mo tún un gbé síbẹ̀."

"Ẹ pẹ́ nínú ilé?"

"Ẹ pe àbúrò mi. Òun ló fi mọ́tò gbé mi lọ."

Lalákàn pe ọkọ ìyàwó. Ọkùnrin náà ní òun kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n òun wọlé, ó jáde, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. "Màdáàmù, ṣé ìgbéyàwó yìí ṣì wà?" ló béèrè níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Lalákàn sọ fún un pé àbẹ́là kọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó.

Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yọ òwú bí ọgọ́rùn-ún, kó to igi wọn jọ lọ́gbọọgba, kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò máa dún dè é níta. Ẹni tó ṣe é ráyè. Ó jókòó tì í ni.

*

Nígbà tí Lalákàn padà dé ilé náà, àpò ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àǹtí jókòó sórí àga kékeré kan tì í, ó ń dúró de mọ́tò tí yóò gbé e lọ sílé àbúrò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wo inú àpò yìí kí ẹ tó lọ," ni Lalákàn wí.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Nígbà náà kò ní pẹ́."

Ó fa síìpù. Aṣọ tuntun aláwọ̀ ewé kan ló wà lókè, irú àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù yẹn gan-an. Wọ́n fi wé nǹkan líle kan. Lalákàn tú u. Ìgò àbẹ́là ni, òun náà kò lówú.

Ìyàwó tuntun ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ó tún jí ọ̀kan! Lẹ́yìn tó bà á jẹ́ tán!"

Àǹtí gba aṣọ náà, ó rọra tún un ṣẹ́.

"Ẹ pe bàbá wá sí pálọ̀," ni Lalákàn wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti súnmọ́ òpin ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀.

Bàbá jáde, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọwọ́ kan nínú àpò ṣòkòtò. Lalákàn gbé àpẹẹrẹ tó fà já sórí tábìlì, ó gbé ọ̀kan lára àwọn yòókù tì í.

"Ìyàwó, o rò pé ìgbà tí ẹ sùn ni wọ́n ṣe é."

"Ìgbà wo ni ì bá jẹ́?"

"Ìda ti le nígbà yẹn. Tí ìda bá ti le, òwú kì í jáde, ó ń já ni. O rí i lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyí, ó kù sínú. Wá wo tìrẹ. Ìdí òwú kankan ò sí níbẹ̀, ihò ò sì sí. Ìda ti padé mọ́ ojú ibẹ̀. Ìda tó ṣì rọ̀ nìkan ló ń padé. Nítorí náà, ọ̀sán àná ni wọ́n yọ ọ́, kó tó le, lẹ́yìn tí ẹ ti jáde."

Ìyàwó tuntun wo ìgò méjèèjì. Kò tíì ye é tán.

"Níbo ni Àǹtí wà nígbà yẹn?"

"Lọ́dọ̀ télọ̀."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú..." Ó wo Àǹtí. "Pẹ̀lú mi."

"Ta ló di ẹ̀yìn aṣọ rẹ mú tí télọ̀ fi ń gún un ní pín-ìn-nì?"

"Àǹtí ni." Ó jókòó. "Ṣùgbọ́n òun ló dé wọn! Ó rí i, kò sọ̀rọ̀! Mo bú u láti àárọ̀, kò sọ pé òun kọ́!"

"Ìyẹn ló dá mi dúró jù. Ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ máa ń pariwo. Ẹni tó bá dákẹ́ lórí ohun tí kò ṣe, ó mọ ẹni tó ṣe é, kò sì fẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ta ni Àǹtí lè torí ẹ̀ di ẹrù kúrò nílé?"

Lalákàn yí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Bàbá, ẹ ní ọ̀fìnkìn ń ṣe yín. Mo ti wọ ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mi ò gbọ́ kí ẹ sín. Mi ò gbọ́ ikọ́. Ẹ nu imú yín."

Bàbá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè.

"Rárá o. Ẹ fi áńkáṣíìfù nù ún. Ó wà lápò yín. Ọwọ́ yín ò tíì kúrò lórí ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti jókòó."

"Màdáàmù, mo bẹ̀ yín," ni Àǹtí wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ, ó parí."

"Ó tó, Àǹtí," ni bàbá wí. Ó fa áńkáṣíìfù náà yọ. Ó ti so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pọ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi àwọn ìka tó ń tú aago tú kókó náà. Òwú àbẹ́là ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn, ó tò wọ́n gbọọrọ, ìda ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Òórùn lọ́fínńdà gba pálọ̀ kan.

Ó fi ìka kan tún èyí tó yẹ̀ lára wọn tò.

"Mo wà ní yàrá lánàá, mò ń tún aago kan ṣe. Ni mo bá gbóòórùn ẹ̀. Mo dìde. Mo pè é lórúkọ. Mo rò pé ó ti dé ni. Odindi àgbàlagbà. Mo sáré dé kíṣìnì, àbẹ́là ni mo bá."

"Dádì," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ìgò yẹn, mo máa ń ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kì í lò ó, mo kàn ń ṣí i ni. Mo rí i lórí tábìlì, ó ti ṣófo. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn bébà tó wà níbẹ̀. Tan mí. Mo ní wọ́n á tàn án, á jó tán, kò ní sí níbì kankan mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Mo fẹ́ sọ fún ẹ láàárọ̀. Ẹnu mi wúwo. Lẹ́yìn ìyẹn o bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ Àǹtí, ẹnu mi tún wá wúwo sí i. Ojú ń tì mí. Ìwà ojo ni."

Ìyàwó tuntun ń sunkún, ṣùgbọ́n Àǹtí ló ń wò. "Ẹ mọ̀?"

"Bí mo ṣe rí bí wọ́n ṣe to igi yẹn jọ, mo ti mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é."

"Ẹ mọ̀ nípa ìgò náà tẹ́lẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń nu eruku ara ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Mo ní kí o sọ fún un. Mi ò lè sọ ìdí ẹ̀. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí o ti gbọ́ pé bàbá ẹ ṣì ń sunkún ìyá ẹ. Ìgbà tó wá di ariwo, mo ní ó sàn kí o bínú sí mi. Èmi, o lè bínú sí mi kó tán. O ò ní bàbá méjì."

"Èyí tó wà nínú àpò yín ńkọ́?"

"Láàárọ̀, o ní o máa da gbogbo ẹ̀ nù. Mo ní kí n tọ́jú ọ̀kan fún un. Mo máa gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ ẹ̀ kí n tó jáde ni."

Bàbá fi áńkáṣíìfù tó ti ṣófo bo ojú. Lalákàn wo fèrèsé. Ó ti rí ọ̀daràn tó sunkún, ó ti rí èyí tó rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ràn láti máa wo àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

"Kí la máa fún àwọn àlejò wàyí?" ni ìyàwó tuntun béèrè. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bi.

"Àwọn wọ̀nyí náà ni," ni Àǹtí dáhùn. "Kí ló ṣe wọ́n? Bí èèyàn bá ṣí i sáàárín aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ á máa ta sánsán fún ọdún mélòó kan. Ó sàn ju kí wọ́n sun ún lọ. Ìdí tí mo fi tètè dé wọn nìyẹn, kí òórùn má bá atẹ́gùn lọ." Ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Tí ẹ bá gbà."

Bàbá mi orí. Ó gbà.

Ìyàwó tuntun mú sísọ́ọ̀sì. Ó fa bébà ìgò àkọ́kọ́ mọ́ra, ó gé ìlà òkè kúrò, "Rántí wa" nìkan ló sì kù. Ó fa ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, Àǹtí ti fa àga sún mọ́ ọn, ó ń tọ́ àwọn ríbọ́ọ̀nù tó wọ́. Bàbá lọ mú sísọ́ọ̀sì kékeré tirẹ̀ wá láti orí tábìlì iṣẹ́.

Lalákàn bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Kò sí ẹjọ́, ọ̀gá."

"Ta ló jí òwú?"

"Onílé ló kó o sápò. Kì í ṣe olè."

Mọ́tò kan fọn fèrè níta, èyí tó wá gbé Àǹtí. Àǹtí gbé ojú sókè, kò dìde, kò sì jókòó dáadáa. Ìyàwó tuntun ló dìde. Ó kọjá lára Lalákàn, ó sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Nígbà tó padà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà lókè àpò náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wò ó síwá sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ wo bí aṣọ tí ẹ máa wọ̀ jókòó níwájú ṣe rún," ló wí.

Ó gbé àpò náà wọ yàrá lọ, ó sì lọ wá áyọ́ọ̀nù.